Iná Kì í Ṣe Obì

Abúlé Ìdí-Obì,
Lọ́nà Ayépé, Ìjẹ̀bú.

Délé ọmọ mi, Àkànní,

Bí ó bá jẹ́ àtùpà lo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi ka ìwé yìí, ká a padà sínú àpò rẹ̀. Lọ ṣí àpótí yẹn, kí o tan iná, kí o tó máa kà á lọ. N kò bẹ̀ ọ́. Mo ní kí o ṣe é ni.

Tísà Ṣótúndé ló ń bá mi kọ ọ́. O mọ̀ ọ́n, òun ló kọ́ ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ kí ọ, kí n bèèrè àlàáfíà rẹ, kí n sì sọ pé dáadáa ni mo wà. Mo ní rárá, kí ó má kọ irọ́ sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tí mo ti ilé yín dé, n kò wà dáadáa. Ojú ń tì mí. Mo ti sin ọmọ méjì kí a tó bí ọ, mo ti sin ìyá rẹ, omijé mi ti gbẹ, àwọn ará abúlé sì ń sọ pé òkúta ni mí. Kò burú. Òkúta náà ni ojú ń tì yìí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Nígbà tí mo ń bọ̀ wá kí yín nílé tuntun yín lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, láti kọ́nà ni mo ti rí ilé náà. Mo rí àwọn gíláàsì tó ń gba oòrùn lórí òrùlé. Mo rí abẹ̀bẹ̀ onírin lórí òpó gíga, tí afẹ́fẹ́ ń yí i wìrìwìrì. Mo na ọwọ́ sí i fún awakọ̀ tó gbé mi. Mo ní, "Ọmọ mi ló ṣe ìyẹn. Wáyà ìjọba kankan kò dé ibẹ̀. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló fi ń tan iná."

Awakọ̀ ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ti di òyìnbó nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo rín kẹ́yìn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

O kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ ló gbà mí, pẹ̀lú oyún rẹ̀ níwájú. Ó ní òun fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìdáná kí n lè máa bá a sọ̀rọ̀. Àtùpà ni mo rí tí ó fi kọ́ ìṣó. Ó ń tẹ̀ síwájú, ó ń wo inú ìkòkò, èéfín ń bọ́ sí i lójú, ó ń fi apá nu ojú.

Mo ní, "Ìyàwó wa, ṣé iná ọkọ rẹ bàjẹ́ ni?"

Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ó ń ṣiṣẹ́."

"Kí ló wá dé tí o kò tàn án?"

Ó rẹ́rìn-ín kan tí kì í ṣe ẹ̀rín. "Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, Bàbá."

Mo lọ wò ó. Àpótí pákó ni mo rí, báttìrì wà nínú rẹ̀, ibi tí a ń tẹ̀ láti tan iná wà nínú rẹ̀, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀. Àkànní, mo mọ àpótí yẹn. Àpótí mi ni. Ìwọ lo kàn án, ṣùgbọ́n àpótí mi ni.

Mo padà sí ilé ìdáná. Mo ní, "Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ó wà lápò ṣòkòtò ọmọ yín. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ń bọ̀ láti Èkó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun, pé báttìrì gbọ́dọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú kí wọ́n tó dé. Ó ní mo lè ba nǹkan jẹ́."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bọ̀, Bàbá."

Ó ro ìkòkò. Lẹ́yìn náà ó ní, láìwo ojú mi, "Ẹ má bínú o, Bàbá. Tí àsìkò ìbímọ bá tó, ilé ìyá mi ní Odogbolu ni mo máa lọ. Tí mo bá lọ, mi ò mọ̀ bóyá màá padà. Ẹni tó bá ń tọ́jú iná de àlejò, àlejò náà ni kó fẹ́."

Ó bu oúnjẹ fún mi. Ìkọ́kọrẹ́ náà dùn, ṣùgbọ́n n kò lè gbé e mì.

Nígbà tí o dé, o rí i pé mò ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. O ní, "Bàbá, tèmi kò rí bíi tiyín o. Mo ti fi ẹ̀rọ kan sí i tí kì í jẹ́ kí báttìrì hó." Mo dákẹ́. Kì í ṣe pé n kò ní ọ̀rọ̀. Ẹnu tí n óò fi bá ọ wí ni n kò ní. Mo ti fi jẹ ìtìjú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú ohun tí ǹ bá sọ, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi pe Tísà. Ohun tí ǹ bá sọ ni pé, àṣìṣe báttìrì lo tún ṣe, Àkànní. Àṣìṣe baba rẹ, o gbé e wọ inú ilé bí o ṣe rí i.

O mọ ohun tí mo ṣe sí ìyá rẹ. O bínú sí mi nítorí rẹ̀ lójú gbogbo èrò, o sì lọ láìjẹun. O jàre. Ṣùgbọ́n òpin rẹ̀ nìkan lo rí. O kò mọ bí ènìyàn ṣe ń rìn dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi ń rìn ín láìmọ̀. Jókòó, kí n mú ọ gba ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìkíní ni pé iná kì í ṣe obì.

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni, n kò jí i. Ọjọ́ tí o wá gbé gíláàsì sí òrùlé wa níbí lo sọ ọ́. O wà lórí àkàbà, ìyá rẹ di ìdí àkàbà mú. O ní, "Bàbá, ẹ máa lò ó lálaalẹ́ o. Ohun tí oòrùn bá kó wọlé lónìí, ẹ jẹ ẹ́ lónìí. Tó bá kún tán tí ẹ ò lò ó, omi inú báttìrì á máa hó, á sì gbẹ. Iná kì í ṣe obì."

Mo dá ọ lóhùn pé, "Ọmọ àná! Èmi tí mo ti ń tọ́jú obì kí wọ́n tó bí ọ, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan?"

Ìyá rẹ ní, "Délé, fi bàbá rẹ sílẹ̀. Tí a bá fi lé wọn lọ́wọ́, ewé ni wọ́n máa fi we iná náà." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan èmi.

Mo sì we é. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Bàbá mi kọ́ mi pé ẹni tó bá yára ta obì ni yóò kábàámọ̀. O mọ iṣẹ́ náà: a ó bó o, a ó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, a ó fi ewé bò ó, a ó máa ṣí i wò, a ó máa ṣa èyí tí kòkòrò bá wọ̀ kúrò, a ó pààrọ̀ ewé, a ó dúró de ìgbà ọ̀wọ́n. Kò sí aburú nínú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ obì. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ ibi tí obì parí sí. Ohun gbogbo tó dára tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ewé ni mo ń wá fún un.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ Àṣàbí ìyá rẹ, mo ra bẹ́ẹ̀dì onírin kan, tó ní bọ́ọ̀lù idẹ lórí. Mo ní ti àlejò ni. Èmi àti òun ń sùn lórí ẹní nílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà nínú yàrá kejì, a tẹ́ aṣọ funfun lé e. Òun ló ń nu idẹ rẹ̀. Bí a bá ní kí n dárúkọ àlejò tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, n kò lè dárúkọ ẹnìkan. O mọ ẹni tó kọ́kọ́ sùn lórí rẹ̀. O mọ ọjọ́ tó sùn lé e.

Nígbà tí o ti padà sí ibi iṣẹ́ rẹ lókè Ọya, a kọ́kọ́ lo iná náà. N kò ní purọ́ mọ́ ara mi. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, a lò ó. Ìyá rẹ yóò parí iṣẹ́ gàrí, yóò wẹ̀, yóò gbé Bíbélì rẹ̀ wá sábẹ́ gílóòbù, yóò sì máa kà á fún mi. O mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Ojú rẹ̀ ni mo fi ń kàwé. Ìbá ṣe pé ó wà, òun ni ìbá kọ ìwé yìí fún mi, kì í ṣe Tísà. Ìbá ṣe pé ó wà, kò ní sí ìwé tí n óò kọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wa dé. Wọ́n ní ilé mi ló kàn. Gbogbo àwọn tí a jọ wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, tí a ti ń bá ara wa díje láti ìgbà tí a ti ń jà ní odò, ni wọ́n ń bọ̀ wá jókòó ní pálọ̀ mi. Mo ní ọjọ́ yẹn ni n óò fi iná mi hàn wọ́n. Mo fẹ́ kí ó kún, kí ó mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Mo kan àpótí, mo gbé báttìrì sí i, mo fi àgádágodo tì í. Ìpàdé náà yẹ̀ nítorí pé ẹnìkan kú nínú wa. Ó tún yẹ̀ nítorí òjò. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Àlejò kì í tán lójú ọ̀nà ẹni tó bá fẹ́ ṣe fújà, Àkànní. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá lọ, àwọn mìíràn yóò tún máa bọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá rẹ bẹ̀ mí. Ó ní, "Bàbá Délé, ẹ jẹ́ kí n tàn án díẹ̀, kí n ka ẹsẹ mélòó kan fún yín. Ojú mi kò gba ti àtùpà mọ́."

Mo ní, "Máa kà á lọ́sàn-án."

Ó ní, "Ọ̀sán kẹ̀? Lọ́sàn-án, ẹ̀yin wà lóko, èmi wà nídìí gàrí. Ta ni n óò kà á fún, ewúrẹ́?"

N kò rẹ́rìn-ín. Ó ti Bíbélì rẹ̀, ó gbé e lé orí àpótí náà. Kò tún bẹ̀ mí mọ́ láéláé. Mo rò pé ó ti gbà fún mi ni. Jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin: bí obìnrin bá bèèrè nǹkan lẹ́ẹ̀kan tí kò bèèrè mọ́, má ṣe yọ̀. Kò gbà fún ọ. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì gbé.

Bọ́sẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Lo ọ̀rọ̀ tó ń sọ kó tó tán.

Ìkejì, gíláàsì oòrùn. Má da nǹkankan bò ó. O lè máa rẹ́rìn-ín pé ta ni yóò ṣe irú ìyẹn. Èmi ṣe é. Nígbà ọyẹ́, mo rí i pé eruku ń bà lé e, ojú ẹni tó ń kọjá sì pọ̀ lára rẹ̀, ni mo bá ju ẹní sí i lórí kí ó má baà gbó. Oṣù ọyẹ́ tí oòrùn ń ràn jù lọ! Lẹ́yìn tí ìyá rẹ kú ni mo rí ọ̀pá oparun gígùn kan lẹ́yìn ilé ìdáná, tí a so àkísà mọ́ ní orí. Mo bi ìyàwó Ṣèyí aládùúgbò wa pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti àjò dé. Ó ní, "Bàbá, ọ̀pá Ìyá Délé ni. Tí ẹ bá ti lọ sóko, wọ́n á fi ká ẹní yẹn kúrò, wọ́n á fi nu gíláàsì. Kí ẹ tó dé, wọ́n á tún fi dá a padà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló gbé e síbẹ̀, pé kí ebi má pa á."

O gbọ́, Àkànní? Ó ń bọ́ iná tí kò jẹ nínú rẹ̀. Òun ń fún un lóúnjẹ, èmi ń tì í mọ́lé. Ohun tó bá ń jẹ tí kò gbọdọ̀ jáde, ṣé kì í bẹ́ ni? Bí omi inú báttìrì rẹ ṣe gbẹ nìyẹn. Ọwọ́ méjèèjì ló gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ló jẹ̀bi.

Nítorí náà, máa nu gíláàsì yẹn ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú un gbóná. Má sì ṣe fi í sílẹ̀ fún Bọ́sẹ̀ títí yóò fi bímọ.

Tísà ní ìkẹta ló kù. Kí ó kọ ìkẹta síbẹ̀, n kò kà á. Ti afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí o fẹ́ gbé abẹ̀bẹ̀ onírin sí ilé wa níbí pẹ̀lú, o ní kí n gé igi obì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ríbi gbà. Mo ní igi tí bàbá mi gbìn, n kò gé e fún abẹ̀bẹ̀. O gbé òpó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, nítorí pé bàbá rẹ ni mí. Abẹ̀bẹ̀ náà kò yí àyàfi bí ìjì bá ń bọ̀, nígbà náà a sì ń bẹ̀rù pé yóò wó lé wa lórí. Afẹ́fẹ́ kì í wọ igbó obì. Tìrẹ wà ní gbangba, o ṣeun. Ṣùgbọ́n má fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ jù. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa níhìn-ín, ó máa ń bá òjò wá, ó sì máa ń bá òjò lọ. Lóṣù tí òjò bá ń rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, tí oòrùn kò jáde, pa tẹlifíṣọ̀n rẹ, kí o fi iná kékeré kan sílẹ̀ ní ilé ìdáná, kí o fi òmíràn sílẹ̀ níbi tí ìyàwó rẹ ń sùn. Iná kékeré tó dúró sàn ju ńlá tó ń kú lọ.

Ìyẹn rán mi létí. Ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ ni kí iná kọ́kọ́ dé. O fi gílóòbù kan sí ilé ìdáná ìyá rẹ. Èmi ni mo yọ ọ́. Mo ní èéfín yóò bà á jẹ́. Mo gbé e sí iwájú ilé, kí àwọn tó ń kọjá lọ sí Ayépé lè rí i. N kò sì tàn án níbẹ̀ rí, nítorí pé mò ń tọ́jú iná. Wo irú ènìyàn tó bí ọ. Mo mú ìmọ́lẹ̀ kúrò níwájú ẹni tó ń sè fún mi jẹ, mo gbé e fún ẹni tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì tún fún onítọ̀hún.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ ohun tí o kò mọ̀. Tísà, má wò mí. Máa kọ.

Ọjọ́ tí ìyá rẹ kú, ibà àti ikọ́ ti dá a dùbúlẹ̀. Òjò ń rọ̀, ọkọ̀ kò lè gba ọ̀nà wa, a ń dúró kí ó dá. Nírọ̀lẹ́, ó ní kí n gbé àtùpà súnmọ́ òun kí òun lè rí mi. Mo gbé e súnmọ́. Ó ní kò tó. Mo fa òwú rẹ̀ sókè, ó ń rú èéfín. Ó ní kò tó, òun kò rí ojú mi. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ kan ojú mi kí ó lè mọ̀ pé èmi ni. Bí ó ṣe lọ nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ lójú mi.

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, Àkànní. Ó wà lápò mi.

Ìbá ṣe pé mo kọ̀ fún un, ìbá sàn. N kò kọ̀. N kò rántí ni. Mo dúró nínú yàrá yẹn, báttìrì wà ní ẹ̀yìn mi, gílóòbù wà lókè orí mi, kò sì wá sọ́kàn mi rárá pé iná wà nílé. Ohun tí a bá tì pa pẹ́, a máa ń gbàgbé pé a ní i. Òun ni ìṣòro àgádágodo. Kì í ṣe olè nìkan ló ń tì síta.

Ìyókù, ojú rẹ ló ṣe é. O ti dé. A ti tẹ́ ìyá rẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onírin. Èrò pọ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi ti dé, àlejò tí mo ti ń dúró dè ti dé wàyí. Nígbà náà ni mo rántí. Mo ṣí àpótí, mo tan iná, ilé mọ́ gbòò, ojú ìyá rẹ sì mọ́. Ìyá Rẹ̀mí, àbúrò rẹ̀, ni ó dìde tó káwọ́ lé orí, tó ní, "Háà! Àṣé iná wà nílé yìí? Àṣé ó ń tàn báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ tálẹ̀ kiri ilé! Bàbá Délé, òkú lẹ tan iná fún!" Kí a tó kọ orin kan tán, iná náà ti pọ́n, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹnìkan lọ gbé àtùpà rẹ̀ wá láti ilé ìdáná. Ìwọ ṣí báttìrì, o wo inú rẹ̀, ó gbẹ táútáú. O ní, "Bàbá, ẹ ò tọ́jú iná yìí. Ẹ pa á ni." Ìyẹn lo sọ, o sì lọ.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo dúró de ikú náà lọ́jọ́ yẹn, kò wá. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Èyí tí mo lè ṣe ni kí n má jẹ́ kí o ru tèmi.

Nítorí náà, gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn fún Bọ́sẹ̀. Má dá a lé orí tábìlì kí o ní ó wà níbẹ̀. Fi lé e lọ́wọ́. Èyí tó dára jù ni kí o yọ àgádágodo náà pátápátá. Kọ́ ọ bí a ṣe ń wo omi inú báttìrì, irú omi tí a ń bù sí i, àti èyí tí a kò gbọdọ̀ bù sí i. Kọ́ ọ bí yóò ṣe mọ̀ pé iná ti ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni kí ó ni iná ilé, kì í ṣe ìwọ tí ojú ọ̀nà ni o máa ń wà. Bí ó bá ba nǹkan jẹ́, tún un ṣe. Ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyẹn? Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá sì dé tí wọ́n bá báttìrì ní àbọ̀, sọ fún wọn pé ènìyàn ló ń gbé ilé náà.

Tísà ti gbé kálámù sílẹ̀. Ó ń nu dígí ojú rẹ̀. Mo ní kí ó máa kọ lọ, ilẹ̀ ń ṣú. Ó ní ilẹ̀ kò ṣú, pé iná wà lórí wa. Òótọ́ ni. Báttìrì tuntun tí o fi rán ẹnìkan sí mi lọ́dún tó kọjá, láìfi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, òun ló ń tàn yìí. N kò dúpẹ́ nígbà náà nítorí ìgbéraga. Mo dúpẹ́ báyìí. Mo ti gé igi obì méjèèjì. Mo ti fi àpótí tèmi dáná. Tísà máa ń wá lálaalẹ́ wá ka Bíbélì ìyá rẹ fún mi, láti ibi tí ìyá rẹ kà á dé. Ewé obì gbígbẹ ni ó fi sàmì síbẹ̀. Tísà ń kà á dáadáa. Kì í ṣe ohùn yẹn ni.

Ka ìwé yìí sókè fún Bọ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tí mo ti bú ara mi. Má fo ibì kankan. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti kà á, a jẹ́ pé ó ti wọlé.

Mo ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Awakọ̀ kan náà ni yóò gbé mi. Kọ́nà tí a ti ń rí ilé yín ni n óò sọ̀ sí, n óò sì dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Fèrèsé ilé ìdáná ni n óò máa wò, n kò ní wo pálọ̀. Bí mo bá rí iná níbẹ̀, n óò ní kí awakọ̀ máa lọ, n óò wọlé, n óò sì jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí n kò lè gbé mì lọ́jọ́sí. Bí mo bá rí àtùpà, kí awakọ̀ dúró dè mí. N óò wá mú Bọ́sẹ̀, n óò fi orí ara mi gbé ẹrù rẹ̀, n óò mú un lọ sí Odogbolu kí ó tó lọ fúnra rẹ̀. N óò kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, èmi arúgbó, lójú àwọn ènìyàn rẹ̀, n óò sì sọ fún wọn pé ọmọ mi kọ́ ni kí wọ́n bú. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Ìtẹ̀ka mi ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ìka tó ti ìyá rẹ mọ́ inú òkùnkùn náà ni.

Bàbá rẹ.